Àtalẹ̀ inú jẹ́ẹ̀lì yàtọ̀ sí àtalẹ̀ orí ọlọ

Ìyá kan wá sọ́dọ̀ mi láti Bẹẹrẹ, nílùú Ìbàdàn, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló dì í lápá mú wọlé. Bí mo ṣe tú aṣọ tí wọ́n fi wé ẹsẹ̀ ìyá, gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ ló pọ́n bí ìyeyè. Àtalẹ̀ pupa ni. Wọ́n lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n fi oyin pò ó, wọ́n sì fi kún ojú egbò. Ọmọ náà ò ṣe é nítorí àìbìkítà o. Ó ti kà á lórí fóònù pé àwọn onímọ̀ ń fi àtalẹ̀ pupa ṣe jẹ́ẹ̀lì tí ń mú egbò onítọ̀ ṣúgà jinná. Ó bi mí pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé irọ́ ni wọ́n pa ni?"

Wọn ò purọ́. Àmọ́ ohun tó kà àti ohun tó ṣe kì í ṣe ọ̀kan náà.

Egbò onítọ̀ ṣúgà kì í ṣe ọgbẹ́ lásán. Bí ṣúgà bá ti pọ̀ lẹ́jẹ̀ fún ọdún púpọ̀, ó máa ń pa iṣan tí a fi ń mọ ìrora lẹ́sẹ̀. Mo ti yọ ìṣó lẹ́sẹ̀ bàbá kan tó jẹ́ pé ariwo kó-kó tí bàtà rẹ̀ ń pa lórí sìmẹ́ǹtì ló fi mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀. Iṣan ẹ̀jẹ̀ náà a máa há, oúnjẹ tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé ò ní dé ojú egbò dáadáa. Ohun kẹta ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ò mọ̀. Nínú ọgbẹ́ ẹni tí ara rẹ̀ le, àwọn sẹ́ẹ̀lì agbálẹ̀ ló ń kọ́kọ́ dé. Wọ́n á kó ìdọ̀tí àti kòkòrò, láàárín ọjọ́ mélòó kan wọ́n á yẹ̀ fún àwọn tí ń kọ́ ẹran ara tuntun. Nínú egbò onítọ̀ ṣúgà, àwọn agbálẹ̀ yìí kì í lọ. Wọ́n á máa gbá títí, wọ́n á gbá ẹran tuntun dànù mọ́ ìdọ̀tí. Ibí yìí ni àwọn olùwádìí ti ń wá ìrànlọ́wọ́ ewé àti gbòǹgbò, torí púpọ̀ nínú èròjà wọn lè pẹ̀tù sí ìgbóná tí àwọn agbálẹ̀ yìí ń dá sílẹ̀.

Jẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ẹ wo ẹ̀kọ tútù. Omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, síbẹ̀ bí ẹ bá ṣí ewé lára rẹ̀, kò ní ṣàn. Bẹ́ẹ̀ ni háídírójẹ́ẹ̀lì rí: okùn tín-ín-tìn-ín tí wọ́n rí nínú ewéko òkun tàbí èèpo edé àti akàn ló hun ara wọn pọ̀, tí wọ́n di omi mú. Tí a bá fi lé egbò tó gbẹ, á máa fún un lómi díẹ̀díẹ̀. Wọ́n kọ́ àwọn ìyá wa pé kí wọ́n ṣí egbò sílẹ̀ kí atẹ́gùn gbẹ ẹ́. Ní 1962, olùwádìí kan, George Winter, dán an wò lára ẹlẹ́dẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: ọgbẹ́ tó fi ọ̀rá ike bò, tó sì ní ọ̀rinrin, hu awọ ní nǹkan bí ìlọ́po méjì ìyára èyí tó ṣí sílẹ̀. Awọ tuntun máa ń rá ni, kì í fò. Ibi tó rin ló ti rọrùn fún un.

Ṣùgbọ́n ọ̀rinrin yàtọ̀ sí omi rẹpẹtẹ. Egbò tó ń sun omi tàbí tó ń ṣọyún, ẹ má fi jẹ́ẹ̀lì sí i. Awọ tó yí i ká á funfun, á hun jọ bí ìka ẹni tó fọṣọ pẹ́. Ìka ẹsẹ̀ tó ti dúdú tó sì gbẹ torí pé ẹ̀jẹ̀ ò dé ibẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ má rin ín rárá kí dókítà tó rí i.

Àtalẹ̀ wá ńkọ́? Curcumin ni orúkọ èròjà tí wọ́n ń wá nínú rẹ̀. Díẹ̀ ló wà nínú àtalẹ̀, kì í sì í yòrò nínú omi. Ẹni tó bá fi àtalẹ̀ lílọ̀ sí egbò, ìyẹ̀fun àti fọ́nrán ló pọ̀ jù nínú ohun tó fi síbẹ̀, pẹ̀lú kòkòrò ilẹ̀ tó bá a wá láti oko. Àwọn tó ń ṣe jẹ́ẹ̀lì á yọ curcumin sọ́tọ̀, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á pa kòkòrò ara rẹ̀, wọ́n á sì dè é mọ́ inú jẹ́ẹ̀lì kó lè máa jáde fún ọjọ́ mélòó kan. Èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà ṣì wà lára eku. Awọ eku sì ní iṣan kan nísàlẹ̀ tó máa ń fa ẹnu ọgbẹ́ pọ̀, bí ẹni fa okùn àpò. Àtẹ́lẹsẹ̀ wa ò ní irú rẹ̀. Ẹran tuntun ló gbọ́dọ̀ hù kún un. Bí ẹ bá kà á pé egbò eku tètè jinná, ẹ rántí èyí.

Mi ò sọ pé ewé ò ṣiṣẹ́ o. Ní 2021, èsì ìwádìí kan jáde nípa ON101, ìpara tí wọ́n fi èròjà ewéko méjì ṣe ní Taiwan. Ènìyàn 236 ló kópa. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 16, egbò ìdá 60.7 nínú 100 àwọn tó lo ìpara náà ló jinná pátápátá; ti àwọn tí wọ́n fi ohun tí ń fa omi dì, ìdá 35.1. Ìpara ni, kì í ṣe jẹ́ẹ̀lì, ṣùgbọ́n inú mi dùn sí i. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ewé Akíntọ́lá ni a ń fún sójú ọgbẹ́ tí àdá bá ṣá wa lóko, ẹ̀jẹ̀ á sì dá. Mi ò lè fojú tín-ín-rín àwọn ẹlẹ́wé ọjà Bódè. Àmọ́ ọgbẹ́ àdá lẹ́sẹ̀ ọmọdé tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ṣàn geere, kì í ṣe ẹgbẹ́ egbò àtẹ́lẹsẹ̀ ìyá ẹni 60 ọdún.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé ènìyàn á náwó sórí jẹ́ẹ̀lì, á tún fi ẹsẹ̀ kan náà gun òkè Màpó. Kò sí ohun tí a fi lé egbò tó lè ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹ gbé ìwọ̀n ara kúrò lórí rẹ̀ ná. Kí wọ́n fọwọ́ wò ó bóyá iṣan ẹ̀jẹ̀ ṣì ń sọ lórí ẹsẹ̀, kí wọ́n gé ẹran tó ti kú kúrò, kí ṣúgà wálẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn la tó máa sọ ohun tí a ó fi bò ó. Ẹ má sì tú kápúsù sínú egbò, èyí pupa-àti-dúdú tí kì í wọ́n nílé. Bí egbò bá ń rùn, bí ẹsẹ̀ bá wú dé ọrùn ẹsẹ̀, bí ibà bá dé, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ sílé ìwòsàn.

Ó pẹ́ kí n tó ṣan àtalẹ̀ tán lẹ́sẹ̀ ìyá yẹn. Iṣan rẹ̀ ṣì ń sọ, mo sì dúpẹ́. Ẹ̀wà ló ń tà, ìdúró ló fi ń bù ú fún oníbàárà. Ọmọ rẹ̀ wá àpótí gíga kan, ó gbé e sí ìdí ìkòkò. A gbẹ́ ihò sínú fóòmù bàtà rẹ̀ kí ojú egbò má bàa kan nǹkan, a sì fi jẹ́ẹ̀lì lásán, tí kò ní ewé kankan, sí ibi tó gbẹ. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ dé, egbò náà fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 3. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ti di 2. Ọjọ́bọ̀ la ó tún wọ̀n ọ́n.