Ta La Ó Kọ́kọ́ Gbé?

Bí ọkọ̀ akérò méjì bá forí sọ ara wọn, tí èèyàn wà nílẹ̀ lọ bẹẹrẹ, ẹni tó ń pariwo jù ni gbogbo wa máa ń sáré lọ bá. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń pariwo ń mí. Ẹni tó dákẹ́ jẹ́ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò ni ká wá lọ. Wàhálà yìí ló bí ohun tí àwọn oníṣègùn ń pè ní triage. Ọ̀rọ̀ Faransé ni, láti ara "trier", ìyẹn ni kéèyàn máa ṣa nǹkan sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bí a ṣe ń ṣa ẹ̀wà lórí atẹ kó tó dórí iná.

Ojú ogun ló ti bẹ̀rẹ̀. Láyé ìgbà kan ní Yúróòpù, ìjà gbọ́dọ̀ rọlẹ̀ kí wọ́n tó wá kó àwọn tó farapa, ọ̀gá ológun ni wọ́n sì ń kọ́kọ́ tọ́jú. Dominique Jean Larrey, oníṣègùn nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Faransé, kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní nǹkan bí 1792 ló ti ń ṣètò kẹ̀kẹ́ ẹṣin fúyẹ́fúyẹ́ tí yóò lọ gbé èèyàn kúrò lójú ìjà nígbà tí ìbọn ṣì ń dún. Nígbà tó wá kọ̀wé nípa ogun Rọ́ṣíà ti 1812, ó là á mọ́lẹ̀ pé ẹni tí ọgbẹ́ rẹ̀ léwu jù ni kí wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú, ipò yòówù kó wà. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ yẹn ju kẹ̀kẹ́ náà lọ: ọmọ ogun lásánlàsàn lè ṣáájú ọ̀gá tó ń pàṣẹ fún un.

Ní 1846, John Wilson, oníṣègùn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi èyí tó dunni jù kún un: kí ẹni tí ọgbẹ́ rẹ̀ kéré dúró ná, kí ẹni tó jọ pé kò ní yè é dúró pẹ̀lú, kí ọwọ́ lè tó ẹni tí iṣẹ́ abẹ lè gbà là.

Àmọ́ nígboro, dókítà kọ́ ló ń kọ́kọ́ débi ìjàǹbá. Ìdí nìyẹn tí ilé ìwòsàn Hoag àti àwọn panápaná Newport Beach, ní California, fi jọ gbé ìlànà START kalẹ̀ ní 1983, ìyẹn ọ̀nà kíákíá tí ẹni tí kì í ṣe dókítà lè fi ṣa àwọn tó farapa sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kò gbọ́dọ̀ gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ lórí ẹnì kan.

Panápaná á kígbe pé, "Ẹni tó bá lè rìn, ẹ máa bọ̀ níbí!" Àwọn tó dìde gba káàdì aláwọ̀ ewé: wọ́n lè dúró ná. Á wá kúnlẹ̀ ti ẹni tí kò lè dìde. Bí kò bá mí, á gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè kí ọ̀nà ọ̀fun lè là. Èémí padà? Káàdì pupa: irú wọn ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé. Kò padà? Dúdú, ìyẹn ni pé kò sí ìrètí mọ́; á dìde, á kọjá. Ẹni tó ń mí ju ìgbà 30 lọ ní ìṣẹ́jú kan, pupa. Bí iṣan ọrùn ọwọ́ kò bá lù, pupa. "Ẹ di ọwọ́ mi mú." Bí kò bá lè dì í, pupa. Àwọn yòókù, yẹ́lò: wọ́n á tẹ̀lé àwọn pupa. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń tú, ó lè pe ọ̀kan nínú àwọn aláwọ̀ ewé kó wá fi aṣọ tẹ ojú ọgbẹ́ náà mọ́lẹ̀.

Ìlànà yìí kò bá ọmọdé mu, torí èémí ọmọdé sábà máa ń dá kí ọkàn rẹ̀ tó dá. Ní 1995, Dókítà Lou Romig ní Florida ṣe ti àwọn ọmọdé: ọmọ tí kò mí, àmọ́ tí iṣan rẹ̀ ṣì ń lù, a ó fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́ẹ̀marùn-ún kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan káàdì dúdú.