Ìṣirò Lábẹ́ Kọ́kọ́rọ́

Lọ́jà Òkè-Àjé ní Ìjẹ̀bú-Òde, alájọ gbọ́dọ̀ mọ iye tí oníkálukú dá kó tó lè ṣírò owó. Bẹ́ẹ̀ náà ni kọ̀ǹpútà. A lè ti dátà pa níbi tí wọ́n kó o sí, a lè tì í pa bó ti ń rìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá ti délẹ̀, wọ́n á ṣí i. Ibẹ̀ gan-an ni olè ń dúró dè é.

Ṣùgbọ́n a lè ṣírò ohun tí a kò rí; homomorphic encryption ni wọ́n ń pe ọgbọ́n yìí, ìyẹn ìṣirò lórí dátà tí a kò ṣí. Ká ní ìyá mẹ́ta dá ₦2,000, ₦3,000 àti ₦1,500, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì fi nọ́ńbà àṣírí tirẹ̀ kún un kó tó sọ ọ́ síta: 611, 240, 905. Ohun tí alájọ á kọ sínú ìwé ni 2,611, 3,240 àti 2,405. Á rò wọ́n pọ̀, á jẹ́ 8,256, kò sì ní mọ owó ẹnì kankan. Ẹni tí nọ́ńbà àṣírí wà lọ́wọ́ rẹ̀ á yọ 1,756 kúrò, á ku 6,500. Kò lé, kò dín.

Ìròpọ̀ nìkan nìyẹn. Nínú títì tó gba ìsọdipúpọ̀ náà láàyè, àṣìṣe kékeré ni wọ́n ń dìídì pò mọ́ nọ́ńbà. Òun ló ń bo àṣírí, òun náà ló sì ń wú sí i bí ìṣirò ti ń lọ. Bó bá wú jù, ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ gan-an kò ní rí ìdáhùn mọ́. Àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà Rivest, Adleman àti Dertouzos ti béèrè lọ́dún 1978 bóyá a lè ṣe gbogbo ìṣirò lórí dátà láìṣí i, ṣùgbọ́n ọdún 2009 ni Craig Gentry ní Yunifásítì Stanford tó rí ọ̀nà àbáyọ: fi títì kejì bo títì àkọ́kọ́, kí o sì tú ti àkọ́kọ́ lábẹ́ rẹ̀, láìṣí ohunkóhun síta. Àṣìṣe tó ti wú á bá títì àtijọ́ lọ. Iṣẹ́ ajọ̀ ni, bí a ti ń jọ gbágùúdá tí a fún kí èèpo inú rẹ̀ kúrò kó tó wọ agbada.

Jíjọ̀ yìí ló ń gba àkókò. Nọ́ńbà kékeré kan á di polynomial, ìyẹn ìlà ìṣirò gígùn tó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀ka, nọ́ńbà ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan sì lè gùn tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún bit (àmì 0 tàbí 1 tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ nọ́ńbà), nígbà tó jẹ́ pé bit 64 ni kọ̀ǹpútà ilé wa ń gbé lẹ́ẹ̀kan. Ìṣirò tí wọ́n ń pè ní NTT (number-theoretic transform) ló ń sọ polynomial di púpọ̀ kíákíá, ṣùgbọ́n nínú rẹ̀, ẹ̀ka tó jìnnà síra ló ń pàdé, nítorí náà dátà kò yé lọ, kò yé bọ̀. Ẹrù gbígbé láti mẹ́mọ́rì wá sí ibi iṣẹ́ ló ń dá iṣẹ́ dúró jù, kì í ṣe ìsọdipúpọ̀ fúnra rẹ̀.

Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣe ṣíìpù fún iṣẹ́ yìí fi ń to ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹ̀rọ ìsọdipúpọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí wọ́n ń la ọ̀nà tààrà fún NTT, tí wọ́n sì ń kó mẹ́mọ́rì ńlá sí ìtòsí. Ní 2021, DARPA, àjọ ìwádìí ìmọ̀ ẹ̀rọ fún iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, gbé iṣẹ́ náà fún ẹgbẹ́ mẹ́rin nínú ètò DPRIVE: Duality, Galois, Intel àti SRI.

Bí ìdúró náà bá dín kù tó, ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ní Ṣàgámù á lè fi àbájáde aláìsàn ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà àháyà nílẹ̀ òkèèrè ní títì, kí ìdáhùn padà dé ní títì, kí kọ́kọ́rọ́ má sì kúrò nínú dúrọ́ọ̀ dókítà.