Ọwọ́ tí iná aláìrí jó: ibi tí ìlànà ìtànṣán nílé ìwòsàn ti ṣẹ̀ wá

Ẹni tó bá ti ya X-ray rí á rántí pé bí wọ́n bá ti tò ó sídìí ẹ̀rọ tán, ẹni tó fẹ́ yà á á bọ́ sẹ́yìn ògiri tí wọ́n fi òjé sí nínú kó tó tẹ bọ́tìnì. Àyà àwọn aláìsàn mìíràn máa ń já: bí nǹkan yìí kò bá léwu, kí ló dé tí tọ̀hún fi ń sá? Ìbéèrè gidi ni. Ìtàn àwọn tí kò sá ló ni ìdáhùn rẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó mọ̀ nígbà náà pé ó yẹ kí wọ́n sá.

Ní ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá ọdún 1895, Wilhelm Röntgen, ọ̀jọ̀gbọ́n físíìsì ní Würzburg ní Jámánì, ń gba iná mànàmáná kọjá nínú túùbù gíláàsì tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Ó ti fi páálí dúdú bo túùbù náà, yàrá sì ṣókùnkùn. Síbẹ̀, pátákó kan tí wọ́n fi kẹ́míkà kùn bẹ̀rẹ̀ sí í tàn lọ́ọ̀ọ́kán. Nǹkan kan tí ojú kò rí ń gba inú páálí kọjá: ìtànṣán tí a ń pè ní X-ray nìyẹn. Ní ọjọ́ 22 oṣù kejìlá, ó ní kí Anna Bertha ìyàwó rẹ̀ gbé ọwọ́ sójú ìtànṣán náà, lórí àwo fọ́tò. Eegun ìka obìnrin náà hàn, òrùka rẹ̀ sì dúdú kirikiri lára eegun. Láàárín oṣù mélòó kan, àwọn dókítà Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ti ń fi X-ray wá ọta ìbọn àti eegun tó ṣẹ́. Röntgen kò gbà á ní àdáni; ẹnikẹ́ni tó bá rówó ra túùbù ló lè dán an wò. Ìyẹn ló jẹ́ kó tètè tàn kálẹ̀, òun àti ewu rẹ̀.

Kò sí ohun tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n nígbà yẹn. Agbára túùbù a sì máa yí padà bó bá ṣe ń pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Bó ṣe ṣe lánàá kọ́ ló máa ṣe lónìí. Báwo wá ni oníṣẹ́ ṣe máa mọ̀ pé ó ti dáa? Ọwọ́ ara rẹ̀ ló máa gbé síwájú túùbù, á máa wo òjìji eegun rẹ̀ lórí pátákó. Bí eegun bá ti hàn ketekete, ó yá, kí aláìsàn wọlé. Aláìsàn gbà á lẹ́ẹ̀kan, ó bá tirẹ̀ lọ. Oníṣẹ́ ń gbà á lójoojúmọ́ ayé. Awọ ọwọ́ á kọ́kọ́ pupa, á gbẹ, á sán. Èékánná á máa fọ́, irun ọwọ́ á re. Egbò tí kì í jinná ló ń tẹ̀ lé e, jẹjẹrẹ sì ń tẹ̀ lé egbò. Wọ́n á gé ìka kan, wọ́n á gé èkejì, títí kan apá. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún Clarence Dally, tó ń bá Thomas Edison dán túùbù wò ní Amẹ́ríkà. Wọ́n gé apá rẹ̀ méjèèjì, ó sì kú ní ọdún 1904. Edison pa iṣẹ́ X-ray tì.

Ohun tó mú un ṣòro láti fura ni pé kì í dunni nígbà tó bá ń wọ ara. Elihu Thomson, onímọ̀ ẹ̀rọ ní Amẹ́ríkà, mọ̀ọ́mọ̀ fi ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ kan síwájú túùbù ní ọdún 1896. Kò rí nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Ó tó ọjọ́ mélòó kan kí ìka náà tó wú, tó sì lé ròrò. Ó kéde rẹ̀ fún àwọn yòókù, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ṣì ń di ẹ̀bi náà ru iná mànàmáná.

Ọdún 1896 yẹn kan náà ni Henri Becquerel, onímọ̀ físíìsì, rí i ní Paris pé irin kan tó ń jẹ́ yùréníọ̀mù ń tú ìtànṣán jáde fúnra rẹ̀, láìsí túùbù, láìsí iná. Ní 1898, Marie Curie àti Pierre ọkọ rẹ̀ ṣàwárí rédíọ̀mù, tí agbára tirẹ̀ ju ti yùréníọ̀mù lọ fíìfíì. Becquerel ki rédíọ̀mù díẹ̀ bọ àpò aṣọ rẹ̀, ó ń gbé e kiri. Nígbà tó yá, awọ abẹ́ àpò náà jóná. Pierre Curie ní tirẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ so ó mọ́ apá ara rẹ̀ láti wo ohun tó máa ṣe. Ní ọdún 1901, àwọn méjèèjì jọ kọ ìwé lórí egbò wọn. Ibẹ̀ ni ìtọ́jú ti yọ: bí ó bá lè pa awọ tó dá ṣáṣá, ṣé kò ní lè pa kókó àìsàn? Àwọn dókítà ilé ìwòsàn Saint-Louis ní Paris gba rédíọ̀mù lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì fi tọ́jú àrùn awọ ara.

Ìṣòro tó kù ni bí a ṣe máa pa kókó jẹjẹrẹ láìpa aláìsàn. Ọ̀nà tí wọ́n gbà yanjú rẹ̀ ló máa ń yà mí lẹ́nu jù nínú ìtàn yìí. Bergonié àti Tribondeau, onímọ̀ méjì ní Faransé, ti kíyè sí i ní 1906 pé sẹ́ẹ̀lì tó ń pín lemọ́lemọ́ ni ìtànṣán tètè ń pa. Claudius Regaud, onímọ̀ ará Faransé, wá lọ dán an wò lára àgbò, nítorí sẹ́ẹ̀lì inú kóró ẹpọ̀n kì í sinmi pípín, bíi ti jẹjẹrẹ. Bó bá fún un ní ìtànṣán ńlá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, awọ ẹpọ̀n á jóná kí ṣíṣe àtọ̀ tó dúró. Bó bá pín in sí ọjọ́ púpọ̀, àtọ̀ á dáwọ́ dúró, awọ kò sì ní bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀, torí sẹ́ẹ̀lì tó dá ṣáṣá ń rí àyè tún ara rẹ̀ ṣe láàárín. Dókítà Henri Coutard lo ọ̀nà náà fún jẹjẹrẹ ọ̀fun ní Paris láwọn ọdún 1920. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ tó ń gba ìtọ́jú ìtànṣán lónìí fi ń lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀.

Ìlànà ààbò kò tètè dé. Ìpàdé àgbáyé àwọn onímọ̀ X-ray ní Stockholm ní 1928 ló gbé ìgbìmọ̀ àgbáyé àkọ́kọ́ kalẹ̀ tó ń sọ bí òjé ṣe gbọ́dọ̀ nípọn tó àti iye wákàtí tí oníṣẹ́ gbọ́dọ̀ ṣe. Ìgbìmọ̀ náà ṣì wà títí dòní. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ọmọbìnrin tó ń fi ọ̀dà rédíọ̀mù kun ojú aago ti ń fi ètè tọ́ búrọ́ọ̀ṣì, eegun àgbọ̀n wọn sì ti ń jẹrà. Wọ́n ní láti gbé iléeṣẹ́ lọ sí kóòtù kí ayé tó gbọ́ tiwọn. Marie Curie fúnra rẹ̀ kú ní 1934, nígbà tí mùdùnmúdùn eegun rẹ̀ kò lè ṣe ẹ̀jẹ̀ mọ́. Ní 1936, wọ́n gbé òkúta ìrántí kalẹ̀ níwájú ilé ìwòsàn kan ní Hamburg, wọ́n kọ orúkọ 169 àwọn tí X-ray àti rédíọ̀mù pa sí i lára. Wọ́n ṣì fi orúkọ púpọ̀ kún un lẹ́yìn náà.

Lẹ́yìn bọ́ǹbù Hiroshima àti Nagasaki ní 1945 ni ayé tó rí apá kejì ewu náà dáadáa. Ara jíjó ní ìwọ̀n tó gbọ́dọ̀ kọjá kó tó ṣẹlẹ̀. Ti jẹjẹrẹ yàtọ̀: bí ìtànṣán bá ṣe pọ̀ tó ni ìṣeéṣe pé ó máa wáyé ṣe ń pọ̀, ó sì lè pa mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ló kọ́kọ́ pọ̀ láàárín àwọn tó yè; àwọn yòókù tẹ̀ lé e lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ka ìwọ̀n. X-ray àyà kan tó nǹkan bí 0.1 millisievert, ìyẹn òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń ka ìtànṣán tó wọ ara. Èyí tó ń ti ilẹ̀, ojú ọ̀run àti oúnjẹ wá bá olúkúlùkù wa tó nǹkan bí 2.4 lọ́dún. CT ikùn, ìyẹn X-ray púpọ̀ tí kọ̀ǹpútà ń tò pọ̀ di àwòrán, lè tó 7 sí 10, nítorí náà kò yẹ kéèyàn máa yà á láìnídìí. Lábẹ́ ìlànà àgbáyé, oníṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ ju 20 lọ lọ́dún ní ìpíndọ́gba.

Ọmọ inú oyún ló kẹ́yìn nínú ìlànà yìí. Láwọn ọdún 1950, Alice Stewart, dókítà obìnrin ní Oxford, ń bi àwọn ìyá tí jẹjẹrẹ pa ọmọ wọn ní ìbéèrè, ó sì ń bi àwọn tí ọmọ wọn wà láàyè. Ó rí i pé àwọn tó ya X-ray nínú oyún fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì láàárín àwọn ìyá tí ọmọ wọn kú. Ó pẹ́ gan-an kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó gbà. Nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bi obìnrin bóyá ó lóyún kí wọ́n tó yà á, ẹ̀rọ tí wọ́n sì fi ń wo ọmọ inú oyún báyìí, ìró ohùn tí etí kò lè gbọ́ ló ń lò, kì í ṣe X-ray.