Ọ̀rá Inú Ikùn Kì Í Jókòó Lásán

Bí ọkùnrin bá ti lé lógójì ọdún láàárín wa, tí ikùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ti agbádá síwájú, bí a ṣe máa ń kí i ni pé, "Ẹ̀yin lẹ ń jayé o, owó ti dé!" Bí ikùn ọ̀hún bá wá wọlẹ̀, a ó máa bi ìyàwó rẹ̀ léèrè bóyá ara ọkọ rẹ̀ ò yá. Ohun tí ọ̀pọ̀ gbà gbọ́ ni pé ọ̀rá kò ju oúnjẹ tí ara kó pa mọ́ lọ, pé kò ní ibi kankan tó ń ṣe ju kí ṣòkòtò fún èèyàn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ìgbàgbọ́ yìí sì ń kó àwọn èèyàn wa sọ́wọ́ rọpárọsẹ̀.

Ọ̀rá ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Ó ń pèsè àwọn họ́mọ̀nù, ìyẹn èròjà tó ń jíṣẹ́ láti apá kan ara dé òmíràn, ó ń tú wọn sínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á sì gbé wọn kárí ara. Ní 1994, Jeffrey Friedman àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣèwádìí ní Rockefeller University ní New York kéde àwárí tó gbé ọ̀kan nínú wọn jáde, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí leptin. Iṣẹ́ leptin ni láti sọ fún ọpọlọ pé ohun tó wà nípamọ́ ti tó, kí èèyàn ṣíwọ́ jíjẹ. Bí ọ̀rá ṣe ń pọ̀ sí i ni òun náà ń pọ̀ sí i. Àmọ́ tó bá ti pọ̀ jù fún ìgbà pípẹ́, ọpọlọ kì í fetí sí i mọ́ lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Iṣẹ́ rẹ̀ kejì kò sì dúró: ó ṣì ń mú kí ọkàn sáré, ó ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ fún pọ̀, ó sì ń mú kí kíndìnrín máa dá iyọ̀ dúró sára. Báyìí ni ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ru.

Ẹ̀rí kan wà tó jọ mí lójú gan-an. Àwọn èèyàn díẹ̀ wà láyé tí ara wọn kò lè pèsè leptin rárá láti ìgbà tí wọ́n ti bí wọn. Láti kékeré ni wọ́n ti máa ń sanra kọjá ààlà, síbẹ̀ ẹ̀jẹ̀ wọn kì í sábà ru. Ìyẹn ni pé bí ara ṣe wúwo nìkan kọ́ ló ń fa wàhálà, ohun tí ọ̀rá ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀.

Òdìkejì leptin ni adiponectin. Òun náà ń ti ara ọ̀rá jáde, àmọ́ bí ọ̀rá inú ikùn bá ṣe ń pọ̀ ni tirẹ̀ ń dín kù. Òun ló ń ran awọ tó wà nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ láti pèsè nitric oxide, èyí tó ń mú kí iṣan dẹ̀. Tí adiponectin bá ti wálẹ̀, iṣan á le, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ á sì túbọ̀ máa lẹ̀ mọ́ ọn. Èròjà míì tí ọ̀rá ikùn ń tú jáde, PAI-1, kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tó bá dì tètè yọ́. Bí ẹ̀jẹ̀ dídì bẹ́ẹ̀ bá dí iṣan tó lọ sínú ọpọlọ, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kan lè rọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Nígbà náà la ó sọ pé wọ́n ta á lọ́fà, bẹ́ẹ̀ ohun tó ti ń ṣẹlẹ̀ láti ọdún mẹ́wàá ni.

Ibi tí ọ̀rá wà ṣe pàtàkì ju iye rẹ̀ lọ. Ti ìdí àti itan kò le tó ti ikùn. Nínú ìwádìí SIREN, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Máyọ̀wá Owólabí ti Yunifásítì Ìbàdàn wà lára àwọn aṣáájú rẹ̀, wọ́n fi èèyàn tó lé ní 2,000 tí rọpárọsẹ̀ kọ lù ní Nàìjíríà àti Gánà wé iye kan náà tí kò kọ lù. Nínú ohun 11 tí wọ́n rí lọ́dún 2018 pé ó so mọ́ rọpárọsẹ̀, kí ikùn tóbi ju bó ṣe yẹ lọ tí a bá fi wé ìdí wà níbẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ àti àìjẹ ẹ̀fọ́ déédéé. Nítorí náà, kí ẹni tí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ikùn rẹ̀ sì yọ má rò pé òun ò sanra.

Kí a má sì fi ṣòkòtò wọn ọ́n. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ń de bẹ́líìtì sábẹ́ ikùn, wọ́n á ní "34 náà ni mò ń wọ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́." Téèpù télọ̀ ni kí ẹ lò: kó gba àárín egungun ìhà tó kẹ́yìn àti orí egungun ìbàdí, kí ẹ mí síta, kí ẹ má fa ikùn wọlé. Bó bá ti tó 94 sẹ̀ǹtímítà fún ọkùnrin, ìyẹn ínṣì 37, tàbí 80 sẹ̀ǹtímítà fún obìnrin, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà yín wò.

Ọ̀rá tó ń ṣiṣẹ́ burúkú yìí ṣeé dín kù. Rírìn kíákíá lójoojúmọ́ máa ń fa ti ikùn wálẹ̀, kódà kí òṣùwọ̀n tó sọ ohun púpọ̀. Bí èèyàn bá fi kílò kan fúyẹ́, òǹkà òkè ẹ̀jẹ̀ ríru sábà máa ń fi nǹkan bí ẹyọ kan wálẹ̀. Ẹni tó bá ti wà lórí oògùn kò gbọdọ̀ tìtorí ìyẹn dá a dúró fúnra rẹ̀. Dókítà tó ń yẹ̀ ẹ́ wò ló máa sọ ìgbà tí wọ́n á dín in kù.