Apá Wọ́rọ́kọ́ Tí Ń Daná Rú: Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí Kíkọ́ Bàálù Corsair

Àwòrán kan lórí fóònù mi ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. A jókòó lẹ́yìn oúnjẹ ọjọ́ Àìkú, mo ní kí àwọn tó wà níbẹ̀ wo bàálù àwòṣe kan, ti ogun, tí mò ń fi igi kọ́: egungun rẹ̀ ṣì wà níta, ó gùn ju tábìlì tó wà lórí rẹ̀ lọ, apá rẹ̀ sì tẹ̀ wálẹ̀ kó tó tún gòkè, bí ti ẹyẹ tó fẹ́ bà. Ni ìbéèrè bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ bí òjò. N kò ráyè dáhùn tán lọ́jọ́ náà.

Ṣé ohun ìṣeré ọmọdé ni?

Rárá o. Èyí tí ọmọdé ń lò, inú páálí ló ti ń wá, wọ́n á kàn lẹ̀ ẹ́ pọ̀ ni. Ti èyí, pákó ni mo rà, mo ra gọ́ọ̀mù, mo ra aṣọ fáíbà, mo wá pílánù. Gbogbo ìyókù, ọwọ́ ló ń ṣe é. Òyìnbó ń pè é ní scratch-building. Ẹni tó ra ẹ̀wù rírán lọ́jà àti ẹni tó ra ọ̀pá aṣọ márùn-ún tó sì jókòó ti máṣíìnì, ẹ̀wù ni àwọn méjèèjì máa wọ̀, ṣùgbọ́n ojú wọn kò rí nǹkan kan náà.

Bàálù wo gan-an ni?

Vought F4U Corsair. Stratford ní ìpínlẹ̀ Connecticut, ní Amẹ́ríkà, ni ilé iṣẹ́ Vought ti ṣe é fún àwọn ọmọ ogun ojú omi, Rex Beisel sì ni olórí àwọn tó ya pílánù rẹ̀. Ó kọ́kọ́ fò lọ́jọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1940. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, ó ti sá eré máìlì 405 ní wákàtí kan láti Stratford dé Hartford, bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnnì onípísítìnì ló ń lò, kì í ṣe jẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ṣe 12,571 nínú rẹ̀. Ó sì pẹ́ láyé: nígbà tí Honduras àti El Salvador bá ara wọn jà lóṣù Keje ọdún 1969, tí ènìyàn ti ń múra àtirìn nínú òṣùpá, Corsair ṣì ń já Corsair bọ́ lójú sánmà.

Kí ló dé tí apá rẹ̀ fi wọ́?

Bọ̀dá kan ló béèrè èyí, ó sì fi ẹ̀rín sí i pé bóyá ṣe ni mo gé igi mi ṣì. Apá ti gidi náà wọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti iwájú. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n gbé sínú rẹ̀, R-2800 ti Pratt & Whitney, ní sìlíńdà 18, agbára rẹ̀ sì tó ti ẹṣin 2,000. Agbára yẹn á kàn ṣòfò bí abẹ̀bẹ̀ iwájú kò bá tóbi tó láti gbá afẹ́fẹ́ mú, ni wọ́n bá fún un ní abẹ̀bẹ̀ tó fẹ̀ ju mítà 4 lọ láti ṣóńṣó dé ṣóńṣó. Abẹ̀bẹ̀ tó tó báyìí á gbẹ́ ilẹ̀ bí ọkọ́ bí imú bàálù kò bá ga. Kí imú tó ga, ẹsẹ̀ ní láti gùn. Ṣùgbọ́n orí ọkọ̀ ogun láàárín òkun ni bàálù yìí á máa bà sí, ibẹ̀ kò sì ní àyè fún ìrọra-balẹ̀. Ṣe ló ń já lulẹ̀ gbì, bí ọmọ tó bẹ́ láti orí ògiri. Ẹsẹ̀ gígùn á ṣẹ́. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n tẹ apá náà wálẹ̀, wọ́n wá so ẹsẹ̀ mọ́ ibi tó sún mọ́ ilẹ̀ jù. Ẹsẹ̀ kúrú, ó ki, abẹ̀bẹ̀ sì rí àyè yí.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àlàyé máa ń dúró sí. Ó ku ìdí kan, òun sì ni èmi fẹ́ràn jù, torí pé ojú kì í tètè rí i. Ara Corsair rí róbótó. Bí apá tó gbọọrọ lásán bá wọ abẹ́ ara róbótó, kọ̀rọ̀ tóóró kan á wà láàárín àwọn méjèèjì, afẹ́fẹ́ á máa há síbẹ̀, á sì máa fa bàálù sẹ́yìn. Apá tó tẹ̀ wálẹ̀ yìí bá ara pàdé lọ́ọ̀ọ́kán, bí ẹ̀ka ṣe ń yọ lára igi ọ̀pẹ́pẹ́. Kọ̀rọ̀ tóóró kò sí mọ́, wọn kò sì nílò páànù láti fi dí i.

Igi wọ́rọ́kọ́ yìí wá ni ó ń da iná rú fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ ní kékeré. Ẹ ó rí i níwájú.

Kékeré báwo? Báwo ló ṣe máa wúwo tó?

Ìdá kan nínú márùn-ún. Apá ti gidi fẹ̀ tó mítà 12.5, tèmi jẹ́ mítà 2.5. Ti gidi gùn ní mítà 10 àti díẹ̀, tèmi gùn ní mítà 2 àti díẹ̀. Títí débí, ìṣirò ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ ìwúwo ló ń rú ènìyàn lójú.

Ẹ mú ṣúgà onígun mẹ́rin. Ẹ to márùn-ún sórí ìlà, ẹ ṣe ìlà márùn-ún, kí ẹ wá to irú rẹ̀ léra títí á fi di ipele márùn-ún. Ẹ ti ní àpótí ṣúgà kan tó jẹ́ pé ìlọ́po márùn-ún ni gígùn rẹ̀, ṣùgbọ́n hóró 125 ló wà nínú rẹ̀. Bí ìwúwo ṣe ń ṣe nìyẹn: bí gígùn bá fi ìlọ́po 5 dín, ìwúwo á fi ìlọ́po 125 dín. Corsair gidi wúwo ju 4,000 kg lọ kí wọ́n tó bu epo tàbí kó ọta sí i. Ẹ pín in sí 125, ó kù bíi 32 kg.

Èyí ṣì pọ̀ jù fún mi. Ní Britain, bàálù àwòṣe tó bá kọjá 25 kg gbọ́dọ̀ gba àyẹ̀wò àti ìyọ̀ǹda lọ́tọ̀. Amẹ́ríkà náà fi ààlà sí ibi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ iye kan náà. Yàtọ̀ sí òfin, bàálù fífúyẹ́ ń rọra fò, bí ó bá sì ti rọra fò ló ń jọ ti gidi lójú. Èyí tó wúwo á máa sá kiri bí kòkòrò tí wọ́n lé.

Báwo ni pákó pẹlẹbẹ ṣe ń di ara róbótó?

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń kan ọkọ̀ ojú omi. Mo gé férémù láti ara pílíwúùdù tẹ́ẹ́rẹ́, òbìrí kọ̀ọ̀kan bí ìdérí ìkòkò, mo gbẹ́ inú rẹ̀ kúrò kó má wúwo. Mo tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn láti imú dé ìrù, mo fi igi tín-ín-rín so wọ́n pọ̀, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ pákó balsa pẹ́ẹ́pẹ́ẹ̀pẹ́ lé e lórí. Mo máa ń fi omi gbígbóná pa ojú balsa tó kọjú síta. Ojú yẹn á wú, pákó á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká fúnra rẹ̀ sí ọ̀nà tí mo fẹ́. Mo fi rọ́bà dì í mọ́ férémù, mo sùn, ilẹ̀ mọ́, mo lẹ̀ ẹ́.

Àwọn tó bi mí pé kí ni balsa, igi Gúúsù Amẹ́ríkà ni, Ecuador ni púpọ̀ rẹ̀ ti ń wá. Ìdílé kan náà ni òun àti àràbà wa, ẹ̀yin tí ẹ bá ti gbé igi àràbà gbígbẹ rí á mọ bí ó ṣe fúyẹ́. Arère tiwa gan-an wà nínú iṣẹ́ yìí: wọ́n ń là á bí ìwé, wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ fóòmù láti fi ṣe apá bàálù àwòṣe. Orúkọ tí wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún ni obeche, orúkọ tó kúrò ní Nàìjíríà lọ bá wọn.

Apá wọ́rọ́kọ́ náà ńkọ́?

Ọ̀pá àgbéró ni mo kọ́kọ́ bà jẹ́. Òun ni igi tó gba inú apá kọjá láti ọwọ́ òsì dé ọwọ́ ọ̀tún. Mo ya ìtẹ̀wọ́ náà sórí pákó líle kan, mo fi ayùn tẹ̀lé e, ó sì dára lójú. Mo gbé e dání, mo rọra tẹ̀ ẹ́ wò, ó dún pọ́ọ̀. Ibi tó tẹ̀ gan-an ló ti ṣẹ́. Káfíńtà èyíkéyìí ì bá ti sọ fún mi: iṣan igi kì í bá ayùn yí. Níbi tí mo ti yí, iṣan ti gé kúrú, kò sí ohun tó ń di igi mú mọ́. Pílíwúùdù ni ẹlẹ́ẹ̀kejì, torí iṣan tirẹ̀ gba òró, ó gba ìbú, ipele lórí ipele, ibi yòówù kí ènìyàn gé e sí.

Ìṣòro kejì ni pé apá tó tẹ̀ kò ṣe é tẹ́ sórí tábìlì. Apá gbọọrọ á dùbúlẹ̀, a ó kàn máa to egungun ìhà lé e. Ti Corsair, kò sí ibi tó tẹ́jú. Ohun tí mo ṣe ni pé nígbà tí mò ń gé egungun ìhà kọ̀ọ̀kan, mo fi ẹsẹ̀ méjì-méjì sí i lábẹ́, èyí tó wà nísàlẹ̀ ìtẹ̀wọ́ ní ẹsẹ̀ kúkúrú, èyí tó wà lókè ní ẹsẹ̀ gígùn. Gbogbo wọn wá dúró lórí tábìlì bí àga, kálukú ní gíga tirẹ̀, apá sì wà láàárín wọn láìyí. Ìgbà tí òkè ti gba pákó tán ni mo tó gé ẹsẹ̀ wọn kúrò. Tábìlì gbọ́dọ̀ gún o. Mo fi omi inú ọ̀rá tíúbù wọ̀n ọ́n bí bíríkìlà ṣe ń wọn ìpìlẹ̀.

Oore kan tí apá yìí ṣe ni pé ti gidi ń ká sókè kí ó lè gba inú ọkọ̀ ogun, ibi tó ti ń ká ni mo sì ti ń yọ tèmi láti fi wọ mọ́tò.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọlé lóòótọ́?

Ó ń wọlé. Ó ń ká sẹ́yìn, ó sì ń yí lọ́rùn bíi ìdá mẹ́rin òbìrí bó ṣe ń lọ, kí táyà lè sùn pẹrẹsẹ nínú apá. Ìṣísẹ̀ méjì lẹ́ẹ̀kan náà, nínú ihò tí kò jìn ju ìka ọwọ́ lọ. Mo ra èyí. Mi ò ní parọ́.

Kí ni ẹ fi ń mọ̀ pé ó jọ ti gidi?

Mo kọ́kọ́ ń yan ẹ̀yà tí mo fẹ́. Àwọn ọmọ ogun ojú omi Britain gé inṣì 8 kúrò ní ṣóńṣó apá kọ̀ọ̀kan torí òrùlé inú ọkọ̀ wọn kò ga. Ìyẹn á jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 4 lára tèmi. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìjókòó awakọ̀: nínú èyí tí wọ́n kọ́kọ́ fi dánra wò, ó sún mọ́ iwájú, ṣùgbọ́n nígbà tí ìbọn mẹ́fà wọ inú apá, epo kò ríbi gbé mọ́. Wọ́n gbé táǹkì síwájú awakọ̀, wọ́n tì í sẹ́yìn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Ẹni tó bá da pílánù méjèèjì pọ̀ á kọ́ bàálù tí kò sí rí.

Àṣìṣe tó ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti ìṣó. Àwọn kan á fi ọ̀sẹ̀ méjì tẹ orí ìṣó tíńtìntín sára gbogbo apá lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé irin ni gbogbo rẹ̀. Aṣọ ni wọ́n fi bo ibi tó pọ̀ jù lára apá Corsair ìgbà ogun lẹ́yìn ọ̀pá àgbéró, láti ibi tó ti ń ká lọ sí ṣóńṣó. Ta ló ń kan ìṣó mọ́ aṣọ?

Ẹ́ńjìnnì ńkọ́?

Ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù kékeré ni, àbúrò èyí tó wà nínú ayùn tí wọ́n fi ń gé igi nínú igbó. Sìlíńdà 18 tí ẹ ń wò níwájú, ẹ̀tàn ni. Ohun tó ṣòro níbẹ̀ ni ooru. Ọ̀lẹ ni afẹ́fẹ́: bí ó bá rí àyè gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, kò ní kan ẹ́ńjìnnì. Mo ní láti fi páànù dí gbogbo ibòmíràn, kí ó má rí ọ̀nà mìíràn ju ara irin tó ń gbóná lọ.

Ṣé á wá fò?

Á fò. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni bíbà rẹ̀. Corsair gidi ní ìwà kan: bí eré rẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀ jù nígbà tó fẹ́ balẹ̀, apá òsì á já sílẹ̀ lójijì, láìkìlọ̀. Ó da àwọn awakọ̀ láàmú. Oògùn tí wọ́n rí fún un kò ju igi onígun mẹ́ta kékeré kan lọ, inṣì 6, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ etí iwájú apá ọ̀tún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò ìbọn, kí apá ọ̀tún náà lè tètè gbàgbé fífò, kí àwọn méjèèjì jọ já wálẹ̀ pọ̀. Lára tèmi, sẹ̀ǹtímítà 3 ni. Mo ti gé e. Ó wà nínú ike bọ́tìnnì kan lórí fèrèsé, ó ń retí kí ọ̀dà gbẹ.