Ẹ Yé Purọ́ Mọ́ Kásẹ́ẹ̀tì, Kò Nà

Ẹ gbé fídíò ìgbéyàwó àtijọ́ lọ síbi tí wọ́n ti ń gbé e sórí fláàṣì, yálà Lágere ni o àbí Mayfair ní Ifẹ̀ níbí, ẹ délé, ẹ wò ó, ìbẹ̀rẹ̀ dáa, ìgbà tó máa fi di pé wọ́n ń gé kéèkì, ohùn ti fi bíi sẹ́kọ́ńdì méjì pẹ́ lẹ́yìn àwòrán: kọ̀ǹgọ́ onídùndún ti kúrò lójú awọ kí ìlù tó dún, alága ìjókòó ti panu dé kí ẹ̀rín ẹ̀ tó jáde. Ẹ padà lọ bi wọ́n, èsì kan náà ni: "Mà, kásẹ́ẹ̀tì yìí ti pẹ́, ó ti nà ni." Oníbàárà á mirí, á máa lọ. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi jàre.

Pé kásẹ́ẹ̀tì ń gbó, ta ló ń bá yín jiyàn ẹ̀? Ooru ń bà á jẹ́, ọ̀rinrin ń bà á jẹ́, àwọ̀ á ṣí, ohùn á máa kùn. Nínà tí wọ́n ń pè yìí ni mo fẹ́ ká jọ tú wò.

Téèpù kan ṣoṣo ló wà nínú VHS, ìyẹn kásẹ́ẹ̀tì fídíò tí à ń sọ yìí. Orí tó ń ka àwòrán wà lára nǹkan roboto kan tó ń yí nígbà 25 ní sẹ́kọ́ńdì kan (ti PAL nìyẹn, ìlànà tẹlifíṣọ̀n tí àwa ń lò ní Nàìjíríà), ohùn sì wà létí téèpù yẹn kan náà, orí mìíràn tí kì í yí ló ń kà á. Téèpù kan náà o! Tó bá nà, àwọn méjèèjì á jọ falẹ̀ ni. Ẹni méjì tó jọ wọ mọ́tò kan náà láti Ifẹ̀ lọ Iléṣà, báwo ni ẹnì kan ṣe fẹ́ kọ́kọ́ dé?

Ọ̀mọ̀ràn kan á ní orí tó ń ka ohùn ò sí níbi tí ti àwòrán wà. Òótọ́ ni, ó fi bíi sẹ̀ǹtímítà 8 jìnnà sí i. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Téèpù ń rìn bíi sẹ̀ǹtímítà 2.34 ní sẹ́kọ́ńdì kan. Ká ní téèpù fi ìdá kan nínú 100 gùn sí i (ìyẹn gan-an ti pọ̀ jù, àwòrán á ti máa já wẹ́wẹ́), sẹ̀ǹtímítà 8 yẹn á fi mílímítà 0.8 lé, ìyẹn ò tó sẹ́kọ́ńdì 0.04, kò tó férémù kan, ìyẹn àwòrán ẹyọ kan nínú 25 tó ń kọjá ní sẹ́kọ́ńdì kan. Kì í sì í pọ̀ sí i, bó bá ṣe wà níbi tó ti nà náà ló máa wà. Kó tó lè di sẹ́kọ́ńdì méjì tí ẹ ń rí níbi kéèkì, sẹ̀ǹtímítà 8 yẹn gbọ́dọ̀ fi nǹkan bíi 4.7 gùn sí i. Ṣé kásẹ́ẹ̀tì ni àbí rọ́bà? Tó bá wá jẹ́ Hi-Fi, irú VHS tí ohùn ẹ̀ dáa jù, nǹkan roboto tó ń yí yẹn náà ló gbé orí tó ń ka ohùn, ibi tí wọ́n máa gbé nínà gbà níbẹ̀ ò yé mi.

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé kò sẹ́ni tó ń fi kásẹ́ẹ̀tì yẹn sẹ́nu ẹ̀rọ fídíò, kó so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n tààrà, kó wo ibi kéèkì. Tí ẹnu àti ohùn bá jọ ń lọ níbẹ̀, ṣebí ẹjọ́ ti parí.

Inú kọ̀ǹpútà ni wàhálà sábà máa ń wà. Wọ́n á gba àwòrán wọlé láti USB, wọ́n á ki wáyà ohùn bọ ihò máìkì láápútọ́ọ̀pù, aago méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wá ń ka àkókò. Tí ọ̀kan bá fi ìdá kan nínú 10,000 yàtọ̀ sí èkejì, wákàtí kan á ti fi sẹ́kọ́ńdì 0.36 yà, kásẹ́ẹ̀tì E-180 tó jẹ́ wákàtí mẹ́ta á ti lé ní sẹ́kọ́ńdì kan. Tàbí kí férémù máa já: téèpù dé ibi tó ti rún, ẹ̀rọ ò rí àwòrán gbá mú, ó sọ férémù nù, ohùn ò dúró dè é, férémù 25 tó bá já, sẹ́kọ́ńdì kan ti lọ nìyẹn. Ti kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ká láti Amẹ́ríkà tún yàtọ̀, férémù 29.97 ni tiwọn, ẹni tó bá kà á sí 30 á fi sẹ́kọ́ńdì 3.6 ṣìnà ní wákàtí kan.

Nítorí náà mi ò sọ pé ọwọ́ kásẹ́ẹ̀tì mọ́ pátápátá o, èyí tó rún ló ń jẹ́ kí férémù já, ó sì lè jẹ́ pé nǹkan mìíràn ló ṣe tiyín. Àmọ́ nínà? Ó nira fún mi láti gbà.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó bá ní òun á kàn fa ohùn síwájú díẹ̀. Ìyẹn dáa tó bá jẹ́ pé bákan náà ló ṣe yà látòkèdélẹ̀, bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ìparí á dáa, ìbẹ̀rẹ̀ á bàjẹ́. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo ìbẹ̀rẹ̀, ẹ wo àárín, ẹ wo ìparí, kí ẹ sì gba kásẹ́ẹ̀tì yín padà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n bá yín dà á nù. Èyí tó bá ti hu funfun nínú, ẹ má kì í bọ ẹ̀rọ kankan kí wọ́n tó nù ún, torí á kó bá ẹ̀rọ, ẹ̀rọ náà á sì kó o ran kásẹ́ẹ̀tì tó bá tún wọlé.