Ẹ Má Bá Wa Fọ Fọ́tò Bàbá Àgbà

Ọ̀kun o, ẹ̀yin èèyàn wa. Fọ́tò àtijọ́ àti ohun èlò inú ilé ni mò ń tọ́jú fún àkójọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Láti Ẹ̀gbẹ̀ títí dé Kàbà, nílẹ̀ Ọ̀kun wa ní Ìpínlẹ̀ Kogi, ohun tí mo ń rí ni pé ikán àti òjò kọ́ ló ń ba fọ́tò jẹ́ jù. Àwọn tó fẹ́ràn fọ́tò náà gan-an ni. Ọmọ tó mọyì bàbá rẹ̀ ló ń gbé fọ́tò bàbá lọ fún láminéètì. Òun náà ló ń fi aṣọ tútù nù ún nígbà tí ayẹyẹ ìrántí bàbá bá ku ọ̀la.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó wà lára fọ́tò dúdú-àti-funfun yẹn. Fàdákà ni dúdú tí ẹ ń rí níbẹ̀. Ó fọ́n ká wẹ́wẹ́ sínú ohun kan tó ń jẹ́ jẹlatíìnì, tí wọ́n ń sè jáde láti ara awọ àti egungun màlúù. Ẹ kúkú pè é ní ìbátan pọ̀nmọ́. Bí omi bá kàn án, á wú, á rọ̀, á sì lẹ̀ mọ́ ohunkóhun tó bá fara kàn án. Bó bá pẹ́ níbi tó rin, á bu. Aáyán pàápàá mọ adùn rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí fọ́tò inú férémù fi ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì, pàápàá èyí tí wọ́n gbé kọ́ ara ògiri tí òjò ń fẹ́ sí láti ìta.

Bó bá ti lẹ̀, ẹ má fà á, ẹ má sì ti ọ̀bẹ bọ̀ ọ́. Mo rí fọ́tò ìgbéyàwó kan ní ìlú Ìyàrà tí wọ́n fà bẹ́ẹ̀: orí ìyàwó títí dé ọrùn wà lára gíláàsì, ìyókù ara rẹ̀ wà lára bébà. Ẹ gbé e tòun ti gíláàsì, kí ẹ ya àwòrán rẹ̀ láti iwájú, kí ẹ sì fi méjèèjì sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà.

Láminéètì ńkọ́? Iná ni wọ́n fi ń yọ́ ọ̀rá yẹn mọ́ fọ́tò, kò sì ṣeé ṣí mọ́ láì ba fọ́tò jẹ́. Gúlúù sẹ́lótéèpù máa ń pọ́n, á sì wọ inú bébà lọ. Álíbọ́ọ̀mù olójú gúlúù, èyí tí ọ̀rá orí rẹ̀ ń ké bí èèyàn bá ń ṣí i, èmi ò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Bí fọ́tò inú rẹ̀ bá ṣì ń yọ wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ yọ ọ́ lónìí.

Ẹ fi bébà funfun lásán wé fọ́tò kọ̀ọ̀kan. Ẹ má lo ìwé ìròyìn, tórí èròjà inú rẹ̀ máa ń sọ fọ́tò di pípọ́n. Ẹ má lo náílọ́ọ̀nù tó ń há ọ̀rinrin mọ́nú. Inú yàrá ni kó wà, nínú àpótí tí kò kan ilẹ̀, kì í ṣe àjà abẹ́ páànù tó ń gbóná bí ààrò. Fọ́tò aláwọ̀ mèremère ti ìgbà 1970 sí 1980 ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, torí àwọ̀ búlúù inú ọ̀pọ̀ wọn ló ń kú ṣáájú, kódà nínú òkùnkùn, tí gbogbo rẹ̀ á wá pupa.

Bí ẹ bá fẹ́ fi fóònù ṣe ẹ̀dà, abẹ́ ìbòòji ìta ló dára, láìtan iná fóònù. Bí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí, ẹ fi ránṣẹ́ bíi fáìlì, kì í ṣe bí àwòrán, torí WhatsApp máa ń fún àwòrán pọ̀ títí ojú èèyàn á fi di ràdàràdà.

Àmọ́ fọ́tò tó mọ́ tónítóní tí a kò mọ ẹni tó wà nínú rẹ̀, kí la fẹ́ fi ṣe? Ẹ gbé e lọ bá àwọn àgbà nígbà tí wọ́n ṣì wà. Pẹ́ńsù rírọ̀ ni kí ẹ fi kọ ohun tí wọ́n bá sọ sẹ́yìn fọ́tò, ní etí ìsàlẹ̀, láì tẹ ọwọ́ mọ́ ọn. Báírò máa ń tú, ó sì máa ń hàn sí iwájú. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ń dán tí pẹ́ńsù ò mú un, ẹ kọ ọ́ sára bébà tí ẹ fi wé e. Ẹ kọ orúkọ láti ọwọ́ òsì sí ọ̀tún, ìlú, àti ohun tí wọ́n ń ṣe lọ́jọ́ náà. Bí sítáǹbù sítúdíò bá wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ má pa á rẹ́, ẹ má sì lẹ nǹkan kan lé e lórí.

Bí àgbà ò bá rántí ọdún, fọ́tò fúnra rẹ̀ lè sọ ọ́. Kwara tó wà lára pátákó ilé ìwé ní Ìsánlú tàbí Mọ̀pà túmọ̀ sí pé àárín 1967 sí 1991 ni wọ́n kọ pátákó náà, torí 1967 ni wọ́n dá Kwara sílẹ̀, 27 oṣù kẹjọ 1991 ni wọ́n sì dá Kogi tí a wà báyìí sílẹ̀. Bó bá jẹ́ Kabba Province, orúkọ agbègbè wa kí Kwara tó dé, ni wọ́n kọ síbẹ̀, ó ti wà ṣáájú 1967. Mọ́tò tó ń sáré lọ́wọ́ òsì títì, ṣáájú oṣù kẹrin 1972 ni wọ́n ya ìyẹn, kí Nàìjíríà tó bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Rìsíìtì tí wọ́n kọ pọ́n-ùn àti ṣílè sí ti wà ṣáájú oṣù kìíní 1973 tí náírà dé.

Bákan náà ni ti ohun èlò. Ẹnìkan fi iyanrìn ha kọ́bọ̀ onihò ayé òyìnbó kan fún mi kó lè dán. Ó dán lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọdún tí wọ́n tẹ̀ sí i lára ti lọ pẹ̀lú ìdọ̀tí. Èédú ìdí ìkòkò, epo ara ọmọ ọlọ, ibi tí ọwọ́ ìyá àgbà ti jẹ ọkọ̀ ìhunṣọ títí ó fi tẹ́ẹ́rẹ́: ohun tí a ń wá gan-an nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni aṣọ ìpò àwọn ará Bùnú nílẹ̀ Ọ̀kun, aṣọ pupa tí wọ́n ń lò níbi ìsìnkú àwọn ẹni ńlá. Nínú aṣọ òyìnbó ni wọ́n ti tú púpọ̀ nínú òwú pupa yẹn kí wọ́n tó hun ún. Bí ẹ bá rẹ ẹ́ sómi ọṣẹ, àwọ̀ pupa náà lè tú sára òwú funfun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ ká a lé aṣọ funfun mímọ́, kí ẹ má ṣẹ́ ẹ lójú kan náà nígbà gbogbo.

Àwọn tó ń rìn kiri ra nǹkan àtijọ́ náà wà o. Òfin ò gbà kí ẹnikẹ́ni gbé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kúrò ní Nàìjíríà láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àjọ ìjọba tó ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, nítorí náà ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ń gbé e lọ. Bó bá sì jẹ́ àwa ni ẹ fẹ́ gbé e fún, kì í ṣe dandan kí ẹ fi ṣe ẹ̀bùn. Ẹ lè yá wa kí a ṣe ẹ̀dà. Èyí ó wù kó jẹ́, ẹ má jẹ́ kó kúrò lọ́wọ́ yín láìsí ìwé tó sọ bóyá ẹ̀bùn ni tàbí àyálò, tó ka nǹkan náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí tọ̀tún-tòsì sì fọwọ́ sí.